Àgbọ̀n Olóògbé

Ọmọbìnrin Tíṣà ṣí àpótí, ó gbé fáyólíìnì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lé èjìká ọ̀tún, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá.

"Màámi, ta ló yí okùn yìí padà? Èyí tó tín-ín-rín ló wà níbi tí èyí tó nípọn yẹ kó wà."

Ìyá rẹ̀, Tíṣà, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ẹni tó yẹ ká bi ní ìbéèrè. Àná ni wọ́n gba fáyólíìnì náà padà lọ́dọ̀ Dókítà Igi, ayẹ-ohun-èlò-orin-wò tó máa ń gbé etí lé igi bí ẹni tó ń wá ọkàn tó ń lù. Ẹgbẹ́ olórin ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ìrìn àjò, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí fáyólíìnì náà ṣe níye lórí tó. Dókítà Igi gbà á sílẹ̀, ó ní ó rẹ̀ ẹ́, kó sinmi díẹ̀. Fáyólíìnì tó rẹ̀! Nígbà tó sinmi tán, ọ̀gbẹ́ni ní igi ìdáná lásán ni, kí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri.

Tíṣà lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Dókítà, ẹ yí okùn wa padà?"

"Mo bá yín tún un ṣe ni, mà. Òdì ni wọ́n tò ó. Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe ìyẹn."

"Ọwọ́ òsì ni ọkọ mi ń lò. Òun náà ni ọmọ mi ń lò."

"Háà! Ẹ má bínú, mà." Ojú ẹsẹ̀ ló tún okùn náà tò padà, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìtẹríba. Ojú ti Tíṣà pé òun fura sí ọmọlúàbí. Ó dúpẹ́, ó sì gbé fáyólíìnì lọ sílé.

Ọmọ rẹ̀ tún gbé e lé èjìká. Ó yí i sójú ìmọ́lẹ̀.

"Màámi, ẹ wá wo ibí."

Àgbọ̀n bàbá rẹ̀ ti jẹ fánìṣì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní báyìí, ọ̀tún ń dán gbinrin. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni fánìṣì ti wá ṣí kúrò. Àpá yòókù pé: ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú eyín tí ọmọ náà fi gé e jẹ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ọ̀gbẹ́ni ti fara balẹ̀ da gbogbo rẹ̀ kọ sára fáyólíìnì mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àgbọ̀n, ó dá a lójú pé òsì ni àgbọ̀n gbogbo olórin ń gbé. Kí ló fẹ́ fi ìwòkọ ṣe níbi tí òun ti mọ̀? Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

"Bàbá mi ni ọkùnrin yẹn jí gbé," ọmọ náà sọ, ó sì bú sẹ́kún. Tíṣà kò sunkún. Ó pe ọlọ́pàá.

Wọ́n bá Dókítà Igi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun àti báàgì ńlá, takisí ń dúró. Ó ní ara ìyá òun ni kò yá. Ọ̀gá ọlọ́pàá tú báàgì náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́: ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, bàtà. Ó ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Tíṣà, tó tẹ̀ lé wọn wá, ké sí Dókítà.

"Dókítà, ìbéèrè kan péré. Ṣé okùn nìkan lẹ bá wa tún ṣe?"

"Okùn nìkan, mà. N ò fọwọ́ kan igi rẹ̀ rárá."

"Ó dáa. Ta ló wá gbé àgbọ̀n ọkọ mi láti ọ̀tún lọ sí òsì?"

Ojú Dókítà Igi ló tú àṣírí rẹ̀: ó ṣèèṣì wo ìsàlẹ̀ báàgì. Ọ̀gá ọlọ́pàá ya ìsàlẹ̀ náà, ó bá ìsàlẹ̀ mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ó sì fa fáyólíìnì yọ nínú àpò ìrọ̀rí. Ọwọ́ pálábá ọ̀gbẹ́ni ségi.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá bi í pé, "Kí lo fẹ́ fi igi ìdáná ṣe?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Irọ́ ni mo pa." Ó dorí kodò. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n ò rí irú ẹ̀ rí. N ò rò pé mo tún lè rí i."

"Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i," Tíṣà wí. "Àyẹ̀wò tá a gbé e wá fún nìyẹn."

Dókítà Igi ń fọwọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tí ohùn fáyólíìnì dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbọ̀n ọmọ ti padà sí ojú àpá àgbọ̀n bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Tíṣà tó wá sunkún.