Abọ́ Bàbá àti Ẹyẹlé Fadilah

"Fadilah, di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú dáadáa! Ká tètè dúńbú ẹ̀ kó tó di òkúǹbete."

Ìyá rẹ̀ ti gbé ọ̀bẹ. Fadilah di ẹyẹlé kan mú. Orí ẹyẹlé náà ń yí kiri, kò lè dìde mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ẹyẹlé tí Fadilah ń sìn lẹ́yìnkùlé wọn ní Pápá Àjàó ti ń rìn bí ọ̀mùtí. Wọ́n ń yé ẹyin, wọn ò pa ọmọ. Òmíràn tilẹ̀ kọ̀, kò sàba.

Fadilah mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á láti sọ. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Mùktárù, bàbá rẹ̀. Bó bá gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á da eruku náà sínú abọ́ kan, á fi mẹ́kúrì, omi olóró tó ń dán bíi fàdákà, kó èérún wúrà inú rẹ̀ jọ. "Májèlé ni o! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi abọ́ yìí ṣe nǹkan mìíràn," ló máa ń wí. Ṣùgbọ́n abọ́ náà ló sún mọ́ Fadilah, ọ̀lẹ ò sì jẹ́ kó wá òmíràn. Inú rẹ̀ ló ń rẹ àgbàdo àwọn ẹyẹlé sí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kú, ó pa ẹnu mọ́, kí bàbá rẹ̀ má baà kó àwọn yòókù dànù.

Àǹtí Làbákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lóyún, jókòó ti ìkòkò, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fi ata sí i dáadáa o. Ti ọjọ́sí dùn mọ́ mi."

Fadilah yíjú sí i. "Ti ọjọ́sí kẹ̀? Àǹtí mi, èwo lẹ jẹ?"

"Èyí tí ò lè fò yẹn ńkọ́? O wà ní ilé ìwé."

Fadilah fi ẹyẹlé náà sílẹ̀. "Màmá, ẹ má dúńbú ẹ̀! Abọ́ Bàbá ni mo fi ń rẹ oúnjẹ wọn!"

Ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀. Làbákẹ́ di ikùn rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún. Bàbá wọn sáré jáde, kò na Fadilah, ìyẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù jù. Ó kàn béèrè pé, "O mọ̀, o sì dákẹ́?"

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ Làbákẹ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ọmọ má fara pa, ṣùgbọ́n kò lè dá òun lójú títí Làbákẹ́ yóò fi bí i. Bàbá wọn kó àwọn ẹyẹlé yòókù dànù, kò ku ọ̀kan lẹ́yìnkùlé mọ́. Àràárọ̀ ni Fadilah ń sá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Àǹtí mi, ṣé ó mira lónìí?"

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Fadilah kò dúró lára rẹ̀ nìkan: ó pa ẹyẹ, ó sì wọ inú aboyún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ kó tó dé inú oúnjẹ ẹlòmíràn.