Ẹ Má Kọjá Òkúta Funfun

Bàtà ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Oníjígí.

Àárọ̀ Sátidé ni, òtútù ń mú, mo sì ti to àwọn àlejò mi sínú bọ́ọ̀sì kékeré wa. Èèyàn mẹ́jọ péré là ń kó lẹ́ẹ̀kan, nítorí ọ̀nà orí òkè yẹn kò fẹ́ èrò. Iṣẹ́ mi ni láti mú wọn gòkè lọ wo adágún omi mẹ́ta tó wà láàárín àwọn àpáta, kí n sì mú gbogbo wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àlejò kẹjọ pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó sì máa dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́rìí ní kóòtù.

Mo ní kò ní bá wa lọ. Ó bẹ̀ mí. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe bàtà. Awakọ̀ wa, àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe ń wa mọ́tò, ló rẹ́rìn-ín tó fa bàtà òjò tirẹ̀ yọ lábẹ́ ìjókòó. Bàtà náà tóbi débi pé ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Kí a tó gbéra, mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo àlejò.

"Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Nílẹ̀ níbí, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Lórí òkè, èmi ni àgbà. Bí mo bá ní ẹ dúró, ẹ dúró. Bí a bá ti padà dé ìdí ọkọ̀, ẹ gba ipò yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́sẹ̀ alúwẹ̀ẹ́ yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń wò.

Nígbà tí a dé adágún kejì, ó wọ́ bàtà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní òun ti ń ṣọ́ mi bọ̀ láti ìsàlẹ̀, pé mo máa ń fún ojú pọ̀ kí n tó ka pátákó tó wà lójú ọ̀nà. Ó ní iṣẹ́ òun ni, òun ń yẹ ojú wò, òun sì ń ṣe jígí fún ẹni tójú rẹ̀ kò bá ríran jìnnà. Mo dá a lóhùn pé ojú tí mo fi rí bàtà rẹ̀ láàárọ̀ kò ṣàìsàn rárá. Ẹ̀rín pa á débi pé ẹsẹ̀ kan bàtà Bàbá Jẹ́jẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo parọ́ fún ara mi pé ojú mi ni mo bá lọ. Yàrá tóóró ni, àga kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ álífábẹ́ẹ̀tì sára ògiri, láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó kéré bí èèrà. Ó ń fi gíláàsì kan tẹ̀ lé òmíràn níwájú ojú mi. "Èyí ńkọ́? Èyí ńkọ́?" Ọṣẹ ló ń rùn lára rẹ̀. Lójijì ni gbogbo nǹkan mọ́ kedere, ojú rẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ rí. Ìfẹ́ wọ̀ mí lára níbẹ̀, mi ò ní fi pa mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Oníjígí. Òun náà ń pè mí ní Afinimọ̀nà mi. Ó ra bàtà òkè tirẹ̀. Bí àyè kan bá ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀, òun ló máa ń gbà á.

"Olólùfẹ́ mi, níbo là ń lọ lónìí?"

"Ibi tí a lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ibẹ̀ gan-an ló wù mí."

Ìyá mi, tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ wa, fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó ń fọ ife tó fi mu omi nílé onílé, wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni kì í jẹ́ kó tán lẹ́nu rẹ̀: "Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti mú ẹ lọ rí wọn?" Mo máa ń ní ó ń bọ̀ wá mú mi lọ. Ìyá mi á tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé Oníjígí ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni màmá náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọwọ́ ni Oníjígí nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá yìí nìkan ló sì tọ́ ọ. Bó bá ń sọ̀rọ̀ wọn, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò sí nítòsí. Wọ́n ti gbọ́ iṣẹ́ mi, wọn kò sì fẹ́ ẹ. Wọ́n ní obìnrin tó ń kó àjèjì kiri orí òkè kò lè jẹ́ ìyàwó ọmọ àwọn.

Ó wá gbé ìmọ̀ràn kan dìde. Òun á mú Mọ́mì wá bí àlejò, òun kò ní sọ ẹni tí mo jẹ́. Kí wọ́n rí mi lẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá ti dé adágún kẹta tí a jókòó jẹun, òun á dìde, òun á sì sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé èmi ni.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò kúkú sọ ọ́ nílé.

"O ò mọ Mọ́mì ni," ó wí.

Lóòótọ́ ni, mi ò mọ Mọ́mì. Òun ni mo rò pé mo mọ̀.

Ọjọ́ náà pé. Màmá wọ kóòtù òtútù aláwọ̀ eérú, wọ́n sì dé àkẹtẹ̀ kan tó rẹwà. Mo fún wọn ní ìjókòó iwájú, àwọn ni mo kọ́kọ́ bu tíì fún. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ mi pé èmi ni àgbà lórí òkè, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti darí àwọn olùkọ́ tó lè bí mi. Àwọn àlejò yòókù rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà dára fún wa. Nígbà tí a kúrò ní adágún kejì, tí mo ti fi ọ̀pá tèmi ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí òkè ti ga, mo gbọ́ tí wọ́n ń wí fún ọmọ wọn pé, "Ọmọ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀." Oníjígí dọ́gbọ́n di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn àpáta. Ayọ̀ mi kò láfiwé. Mo ti ń ro ohun tí ìyá mi máa sọ.

Etí adágún kẹta kò dára. Àpáta dúdú ló wà níbẹ̀, ohun àwọ̀ ewé kan bò ó tó ń yọ̀ bí ọṣẹ, omi abẹ́ rẹ̀ sì jìn. A to òkúta sí i, a kùn wọ́n ní funfun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá wọn. Mo ti ń tú oúnjẹ sílẹ̀ nígbà tí mo rí i pé Màmá ti kọjá wọn. Wọ́n ń na ọrùn wo inú omi. Oníjígí dúró lẹ́yìn wọn gẹ́lẹ́, ó gbé báàgì wọn dání.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn òkúta funfun."

Wọn kò bojú wẹ̀yìn. "Mo ti ń dúró síbi tó wù mí kí wọ́n tó bí ẹ."

Mo wo Oníjígí, mo ní kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu. "Mọ́mì," ló wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Jígí tó ṣe fún mi ni mo fi rí i. Gìgísẹ̀ wọn yọ̀ lórí àpáta. Kò sí àyè ọ̀wọ̀ mọ́. Mo fò sí wọn, mo di kóòtù wọn mú lọ́rùn, mo di apá wọn mú, mo sì wọ́ wọn padà. "Ẹ jókòó síbẹ̀!" Igbe ni mo fi sọ ọ́. Ìdí ni wọ́n fi balẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àkẹtẹ̀ já sínú omi, ó sì ń lọ.

Àlejò kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló bà á, kì í ṣe pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti jáde, Màmá sì ti gbọ́ ọ.

Oníjígí gbé wọn dìde. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti lọ mú aṣọ ìnura, ó bẹ̀rẹ̀ sétí mi. "Ọlọ́run ló fi ẹ́ síbẹ̀," ó rọra wí. "Ẹsẹ̀ wọn ti yọ̀. O gba ìyá mi là fún mi."

Màmá kò gbọ́ èyí. Ohun tí wọ́n ń wí fún gbogbo èèyàn ni pé mo wọ́ àwọn bí ewúrẹ́, mo sì jágbe mọ́ àwọn. A jẹun, kò dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Oníjígí kò dìde sọ nǹkan kan.

Ó sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn nígbà tó yá, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Ìyá mi lọ aṣọ mi, ó ní kí n bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ẹ̀bẹ̀ kì í pa èèyàn.

Pálọ̀ wọn mọ́ tónítóní. Wọ́n fi ọ̀rá bo àga kí ó má dọ̀tí. Àwòrán àwọn ọmọ ilé-ìwé ló kún ara ògiri, wọ́n to wọn ní ìlà, Màmá jókòó láàárín ní gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ nítorí igbe tí mo ké, mo bẹ̀bẹ̀ nítorí àkẹtẹ̀.

"Igbe kọ́," wọ́n wí. "Mo ti gbọ́ igbe rí. O fà mí ṣubú. Ẹsẹ̀ mi dúró ṣinṣin, o wá fi mí ṣẹ̀sín lójú àjèjì."

"Mọ́mì, ẹ forí jì mí. Ẹsẹ̀ yín yọ̀ ni."

Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ wà níbẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ mi yọ̀?"

Ẹ̀rù kò bà mí rárá. Àánú rẹ̀ ló tilẹ̀ ṣe mí, nítorí mo mọ̀ pé yóò ṣòro fún un láti sọ ọ́. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Òun kan náà ló máa ń bá àwọn èèyàn jà pé ṣẹ́ẹ̀tì ń ba gíláàsì jẹ́.

"Mọ́mì, mi ò rí i dáadáa," ó wí. "Omi ni mo ń wò."

Ọkùnrin tí iṣẹ́ ojú ń bọ́ ló ní òun kò rí i.

Mi ò bá a jiyàn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo ń sunkún lórí ìkúnlẹ̀ mi, mo sì ń rí ohun tí gbogbo gíláàsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tíì fi hàn mí. Mo dìde, mo dágbére.

Màmá fúnra wọn ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fa ilẹ̀kùn pálọ̀ dé lẹ́yìn wa, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi yọ̀," wọ́n wí. "Mo mọ̀."

Mo yíjú padà wò wọ́n.

"Mo fẹ́ gbọ́ bóyá ó máa sọ ọ́ ni. Ká ní ó sọ ọ́, ǹ bá bínú, ṣùgbọ́n ǹ bá fà ẹ́ lé e lọ́wọ́. Kò sọ ọ́." Wọ́n tún kọ́là aṣọ mi ṣe bí ẹni pé mò ń lọ sí ilé-ìwé. "Èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Máa lọ sílé, ọmọ mi."

Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń kẹ́dùn ni àbí wọ́n ń yangàn.

Oníjígí pè mí lórí fóònù títí. Ó ní òun ń wá àkókò tó dára tí òun á fi ṣàlàyé fún Mọ́mì. Mo ní kó kọ́kọ́ rí àkókò náà ná, kó tó tún pè mí. Ìyá mi kò béèrè ìbéèrè rẹ̀ mọ́. Mo sọkún, mo tún ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn máa ń wí pé inú kì í bí èèyàn títí, èmi sì ń sọ fún yín pé inú ṣì ń bí mi.

Ìgbà òjò ti lọ kí Oníjígí tó wọ ọkọ̀ wa ní Sátidé kan, òun nìkan, pẹ̀lú bàtà òkè rẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ wò mí nínú dígí. Mo ní kó máa wa ọkọ̀ lọ.

A gun òkè láìbára wa sọ̀rọ̀. Ní adágún kẹta, bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ó dìde. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo wọn mọ irú ẹni tó ń mú wọn kiri. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pa mọ́: bí ẹsẹ̀ ìyá òun ṣe yọ̀, bí òun ṣe rí i kedere, bí òun ṣe dúró bí igi, bí èmi ṣe fò. Ó ní ìyá òun ì bá ti kú. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, omi sì wà lójú rẹ̀. Àwọn àjèjì pàtẹ́wọ́ fún mi. Obìnrin kan tilẹ̀ ń nu ojú, ó ní kí n dákun, kí n fẹ́ ẹ.

Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ó wù mí kí n dìde kí n lọ bá a. Ṣùgbọ́n ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

"Ṣé o ti sọ ọ́ fún Mọ́mì?" mo bi í.

Ó yíjú sí omi.

Ìgbà náà ni mo rí i pé níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ó ti kọjá àmì wa.

"Ẹ padà sẹ́yìn òkúta funfun, sà," mo wí, bí mo ṣe ń wí fún gbogbo àlejò.

Ó padà. Mo kó àwọn ife tíì jọ, mo sì ní kí gbogbo wọn máa tẹ̀ lé mi sọ̀ kalẹ̀.