Ibi Tí Ó Ti Dákẹ́

Eruku òkúta ni akọ̀wé kóòtù kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú ọkùnrin náà. Ó funfun láàárín ìka rẹ̀, ó funfun nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí. Afọ́kùúta ni. Ó gbọ́wọ́ lé igi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dì mú, ó ní òun wá sọ bí àpáta ṣe ya lu àbúrò òun àti èèyàn mẹ́fà mìíràn lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn opó wọn ló pe iléeṣẹ́ tó ni ibi ìfọ́kùúta náà lẹ́jọ́.

Akọ̀wé náà, ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó nísàlẹ̀ àga adájọ́, tó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ọwọ́-Ìjì ni wọ́n ń pè é. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbá a mú kó tó kanlẹ̀. Ìjọba kò tíì gbà á síṣẹ́ tán. Ó ti yege ìdánwò ìyára. Ìgbẹ́jọ́ kan ṣoṣo yìí ló kù tí yóò kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún yìí náà ni ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà yóò ré kọjá lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nídìí aṣọ fífọ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni, ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.

"Kí lẹ gbọ́ nígbà tí òkúta náà ya?" lọ́yà iléeṣẹ́ bi í.

"Ohùn àbúrò mi. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n...'"

Ó bá dákẹ́. Ọwọ́-Ìjì gbé kálàmù sókè. Akọ̀wé kóòtù kì í kọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ojú òun àti ọkùnrin náà ṣe mẹ́rin. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́sàn-án, afọ́kùúta bá a nídìí ẹ̀rọ omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àǹtí, ṣé mi ò yára jù fún yín?"

"Ìgbín yára jù yín lọ."

"Ìgbín tó ń fọ́ òkúta kẹ̀? Ẹ ò tíì rí i rí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọwọ́-Ìjì kó tó fọwọ́ bò ó. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó jókòó, ó bá ara rẹ̀ tó ń wo ẹnu ọ̀nà, kálàmù rẹ̀ kò tíì ṣí. Bí ìgbẹ́jọ́ bá parí, akọ̀wé gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ìbúra: *Èmi tí mo kọ èyí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn tan, ọkàn mi kò sì fì sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.* Bó bá purọ́ tí lọ́yà gbọ́, gbogbo ẹ̀rí á di òfo, àwọn opó á sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ó wọlé tọ ọ̀gá àwọn akọ̀wé lọ.

"Ẹ fi ẹlòmíràn rọ́pò mi, mà."

"Ṣé orí ẹ pé? Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ mọ́!"

"Ìwé ẹ̀rí tàná, mo lè tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìpurọ́. Tòní, rárá. Ọkàn mi ti fì."

Ìyá àgbà náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹni tí ọkàn ẹ fì sí yẹn ò tiẹ̀ ní mọ ohun tó o pàdánù."

"Kó má mọ̀ ọ́n, mà."

Nílé, ìyá rẹ̀ kò bá a jà. Ó kàn gbé ọpọ́n ìfọṣọ padà síta. Afọ́kùúta rí àjèjì lórí àga akọ̀wé, ó ní bóyá eruku òun ló kó Ọwọ́-Ìjì nírìíra.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Lọ́yà iléeṣẹ́ tú ìwé ẹ̀rí bí ẹni ń wá iná orí, kò rí àléébù kan. Iléeṣẹ́ jẹ̀bi. Àwọn opó gba ẹ̀tọ́ wọn. Òkú kò jí. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá àwọn akọ̀wé tó sọ òótọ́ fún afọ́kùúta, ó sì júwe ṣọ́ọ̀bù kóńkó tí Ọwọ́-Ìjì ti ń tẹ lẹ́tà fún ará àdúgbò.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lo kọ síbi tí mo ti dákẹ́?"

"A kì í kọ ọ́." Ó wolẹ̀. "Àmọ́ mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lẹ mí."

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà, àkọ́kọ́ látìgbà tí òkúta ti ya. "Àbúrò mi ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ sá.' Mo sì sá."

Obìnrin náà di ọwọ́ eléruku náà mú.

"Ọwọ́ yìí nìkan ni mo ní," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Àǹtí Akọ̀wé?"

Ó fa ìwé kan yọ. Ó kọ ọjọ́ sí i, ó kọ ìbéèrè náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ó kọ ìdáhùn tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ pé: *Èmi tí mo kọ èyí bá ẹni tó sọ̀rọ̀ tan.*

Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.