Ayálégbé Tí Kò Ní Ìkòkò

Láti àárọ̀ ni fóònù aránṣọ ti ń dún.

"Ẹ tètè ṣe é o, mà," alágbàtà ilé ń wí. "Ẹlòmíì ti fẹ́ sanwó. Gbogbo yàrá ló ní ayálégbé. Ẹ ṣáà máa jókòó gba owó ilé lóṣooṣù ni."

Inú aránṣọ dùn, ṣùgbọ́n ara ń fu ú. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì ló fẹ́ tà kún owó tó fi pamọ́ láti ra ilé náà. Bí ọ̀rọ̀ ilé yìí bá dojú rú, kò níṣẹ́, kò nílé. Ló bá tọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ, tó ti ń fi yàrá háyà tipẹ́.

"Ìgbà wo lẹ máa ń lọ wò ó?" ni màmá yìí bi í.

"Ọjọ́ tóòrùn bá ràn ni, mà. Ó ní tójò bá rọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ máa ń yọ̀."

"Ọ̀nà kọ́ ló ń yọ̀, ẹnu ẹ̀ ni! Ìwọ tó jẹ́ pé inú aṣọ lo kọ́kọ́ máa ń yí síta kó o tó yẹ ojú ẹ̀ wò, ilé lo wá fẹ́ rà lójú lásán?"

Òjò rọ̀ mọ́jú. Àwọn méjèèjì kò pe alágbàtà, wọ́n kọrí síbẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe bá a lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi jáde. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ ò sọ pé ẹ̀ ń bọ̀, mà. Ẹlòmíì tó fẹ́ wá wo ilé ni mò ń retí."

Obìnrin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alágbàtà ní ayálégbé ni.

"Ẹ kú ilé o," ni màmá kí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bùn mí lómi mu."

Obìnrin náà wo ojú alágbàtà kó tó dìde. Wọ́n tẹ̀ lé e dé ilé ìdáná. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ náà wúkọ́, kò mú nǹkan kan wá. Kò sí sítóòfù níbẹ̀, kò sí ìkòkò, kò sí èépá àlùbọ́sà kan nílẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ kó débí, ọmọ mi?"

"Ó ti... ẹ bi wọ́n," ó nawọ́ sí alágbàtà.

Màmá fọwọ́ kan ara ògiri nísàlẹ̀. Ọ̀dà tútù bá ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Káfíńtà tó ń fá pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà ló tú àṣírí. "Omi ló lé àwọn ayálégbé ibẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀dì wọn léfòó! Ẹni tẹ́ ẹ rí yẹn, ìgbà tẹ́nì kan bá ń bọ̀ wá ra ilé ni wọ́n máa ń gbé e jókòó síbẹ̀."

"Ẹ má gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá o!" alágbàtà pariwo.

"A ti ń gbọ́ tìẹ látọjọ́ yìí," màmá fèsì. "Ti káfíńtà ló kù ká gbọ́."

Ẹ̀rù ba aránṣọ, inú sì bí i. "Ẹ kó ìwé ilé wá," ó ní, "ká jọ lọ yẹ̀ ẹ́ wò níléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀."

Alágbàtà rántí lójijì pé ẹnì kan ń dúró de òun níbòmíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi owó kékeré ra ilé tẹ́ ẹ máa fi háyà, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ lọ wo ilé lẹ́yìn tójò bá rọ̀, láìpe alágbàtà. Ẹ bá ayálégbé sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ bi aládùúgbò pẹ̀lú. Ẹ yẹ ìwé wò nílé iṣẹ́ ìjọba, kẹ́ ẹ mọ onílé gan-an, kẹ́ ẹ tó sanwó kankan. Ẹ rántí pé ilé a máa bàjẹ́, yàrá a sì máa ṣófo nígbà mìíràn. Ẹ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Ẹ má sì ta irinṣẹ́ tó ń bọ́ yín nítorí ẹni tó ń kán yín lójú.

Aránṣọ ṣì wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé yẹn náà ṣì wà lọ́jà. Wọ́n ti tún un kùn.