Ẹni Tí Mo Pè Wọlé Nínú Kùrukùru

Bí mo ṣe rí i ni màá ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá wù kó pè é ní irọ́. Ilẹ̀ náà ṣì wà létí òkun, èmi ni mo sì ń ro ó.

Mo dúró de ilẹ̀ yẹn títí irun mi fi funfun. Ìjọba ìlú wa ní Northumberland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń pín ilẹ̀ oko kéékèèké fáwọn ará ìlú, ẹni tó bá sì rí tirẹ̀ gbà kì í fi í sílẹ̀ àfi tó bá kú. Wilf Straughan, apẹja, ló ni tèmi tẹ́lẹ̀. Ó ti bárò ìkẹ́rù rẹ̀ lọ kó koríko òkun tó fi ń bọ́ ilẹ̀, kò padà wá. A ò rí òkú rẹ̀, a ò rí bárò rẹ̀.

Norman Tait ló ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọdọọdún ló ń gba ife ẹ̀yẹ líìkì, ìbátan àlùbọ́sà tí a máa ń gbìn títí á fi sanra bí itan ọmọdé. Ó mọ̀ pé ẹja ni mo fi gbogbo ayé mi dín tà.

“Edna, líìkì kì í fẹ́ òórùn òróró o.”

“Norman, rọra. Ẹnu tó o fi ń bú mi yẹn náà lo máa fi kí mi.”

Àwa olóko ní òfin kan. A kì í wọ ilẹ̀ ẹlòmíì àfi tí onílẹ̀ bá pè wá wọlé látinú oko. Ọmọ ìyá rẹ ni o, ẹnu géètì ni wàá dúró sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kùrukùru gòkè látojú òkun. Àwọn ẹyẹ òkun dákẹ́. Mo gbọ́ bárò tó ń han kíìn, kíìn. Ó dúró lẹ́nu géètì mi. Mo rí òjìji èèyàn, omi ń kán lára rẹ̀. Mo rò pé Norman ni.

“Wọlé jàre. Kí lò ń wò?”

Géètì ṣí. Nǹkan tútù kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí kùrukùru ká, koríko òkun tútù ti bo ebè mi, wọ́n tẹ́ ẹ bí ẹní. Orúnkún ń dun Norman, kò jáde nílé lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí kùrukùru bá ti dé ni bárò náà ń kó koríko òkun wá. Èmi náà ò káwọ́ gbera o. Mo ro, mo bomi rin, ọwọ́ mi bó. Líìkì mi wú. Lọ́jọ́ ìdíje, èmi ni mo gba ife. Norman ṣí fìlà.

“Edna, o ṣe é.”

Inú mi dùn débi pé mo sunkún níwájú gbogbo wọn.

Mo gbé ife náà, mo ní kí n lọ fi han ilẹ̀ mi. Kùrukùru ti ṣáájú mi débẹ̀. Bárò ń han nínú oko. Ó dákẹ́. Ohùn kan sọ látinú lọ́hùn-ún pé:

“Wọlé.”

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú tó bí mi ju ẹ̀rù lọ. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi dúró, lẹ́yìn ọwọ́ tó bó yìí?

“Ilẹ̀ mi nìyí, Wilf. Mi ò dúró de ìpè ẹnikẹ́ni.”

Mo ti géètì ṣí, mo wọlé.

Àmọ́ ó ti pè mí, bí onílẹ̀ ṣe ń pe àlejò, kí n tó wọlé.