Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án

Wòlíì Olúfẹ́mi kú sójú gbogbo ìjọ, lọ́sàn-án gangan, lórí iyanrìn ilẹ̀ àánú tó wà níwájú pẹpẹ. Ilé àdúrà kún fọ́fọ́. Wọ́n rí i nígbà tó ṣubú. Wọ́n rí i nígbà tó ń yí gbiri, tó ń ké pé, "Ẹ gbà mí." Kò sẹ́ni tó dìde.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Bushrah Ògúnlàdé bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, nítorí gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀ ni kò wọ bàtà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mùsùlùmí ni, láti Fìdítì ló ti wá sí Ìlọrà. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé òun náà ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi tiwọn. Ta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀? Kò sí. Ṣebí àwọn àgbà ló ní béèyàn bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, kó di ìkúùkù.

Ó kúnlẹ̀ ti òkú náà. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ya, òwú funfun há sí i, ẹ̀gbẹ́ sùtánà rẹ̀ lápá ọ̀tún sì ti rún wómúwómú. Bushrah fẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ ò wọlé. Wọ́n ti rán ẹnu àpò náà pa, wẹ́wẹ́, pẹ̀lú òwú tuntun.

Ó fi abẹ tú u. Ohun tó bọ́ jáde ni ike kékeré tí àwọn oníkọ́ fée máa ń fi sẹ́nu fà kí èémí wọn lè já gaara. Oògùn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wòlíì wo ló ní ikọ́ fée? Ẹni tó ń wàásù pé ẹni tó bá gbé oògùn pamọ́ ò nígbàgbọ́?

Bushrah kọ́kọ́ pe Alàgbà Ọláolúwa, ìgbákejì wòlíì. Òkú ò tíì tutù tí ọkùnrin yìí ti jókòó sórí àga olóògbé.

"Ẹ̀yin ló kàn láti joyè, àbí?"

"Ọlọ́run ló ń fini joyè."

"Kí ló dé tẹ́ ò dìde sí i?"

"Ẹ̀mí ló gbé e. A kì í fọwọ́ kan ẹni tẹ́mìí bá gbé. Òfin wa ni."

"Ó ń fọwọ́ họ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀mí náà nìyẹn?"

"Gbogbo wa la sọ pé ẹ̀mí ni."

"Lẹ́nu ta lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ?"

Alàgbà yíjú sí apá pẹpẹ. Ó ní, "Iwájú ni ohùn náà ti wá. Èmi kàn gbà á ni."

Bushrah ní kí kálukú padà síbi tó jókòó sí. Ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: lẹ́nu ta lẹ ti gbọ́ ọ? Àwọn tó wà lẹ́yìn nàka sí àwọn tó wà láàárín. Àwọn tó wà láàárín nàka sí Alàgbà. Iwájú Alàgbà, ẹni méjì péré ló máa ń dúró ti pẹpẹ: Adéwálé tó ń fi tùràrí, àti Ìyá Bùkúnmi tó ń tọ́jú aṣọ àdúrà, òun náà ló ń gbé sùtánà wọ wòlíì.

Ojú Adéwálé pọ́n kankan.

"Kí ló ṣe ọ́ lójú?"

"Tùràrí ni, mà. Ó ta mí lónìí. Ikọ́ ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Àwọn akọrin tó wà nítòsí mi náà ń sín."

Bushrah gbé àwo tùràrí sún mọ́ imú. Ó gbọ́ òórùn ata. Ó tú eérú wò, ó bá kóró ata gbígbẹ tó ti jóná.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Adéwálé ló pa wòlíì." Ẹlòmíràn gbè é. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti fa ọkùnrin náà láṣọ ya. Àwọn tí apá wọn ò gbé fún ẹni tó ń kú, apá wọn ti wá gbé láti na alààyè. Inú bí Bushrah dé góńgó.

"Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, màá tì í mọ́lé," ló wí. Wọ́n tún jókòó, bí àgùntàn.

"Adéwálé, níbo lo ti bu èdú?"

"Nínú áyọ́ọ̀nù eléèédú Ìyá Bùkúnmi, mà. Bí Ìyá bá ti lọ aṣọ àdúrà tán, èdú yẹn náà la fi ń sun tùràrí. A ò gbọdọ̀ lo iná àjèjì. Àwọn fúnra wọn ló bù ú sínú àwo fún mi."

"Bùkúnmi ńkọ́? Ṣé ó wà níbí?"

Gbogbo ìjọ wolẹ̀. Adéwálé ló dáhùn, tòun ti aṣọ rẹ̀ tó ti ya.

"Olúwabùkúnmi ti kú, mà. Lórí iyanrìn yìí náà ni, lákòókò ìsìn. Kò rí èémí mí. Wòlíì ní ká má fọwọ́ kàn án, pé ẹ̀mí ló gbé e."

Bushrah lọ bá ìyá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ìbíyẹmí lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ẹ mọ aṣọ rán."

"Ẹ ṣeun," ló fèsì. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Ẹ̀yin lẹ rán àpò. Ẹ̀yin lẹ da ata sínú èdú. Adéwálé ò lè sọ̀rọ̀ nítorí ikọ́, ẹ̀yin nìkan ló kù tó lè kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án."

"Èmi ni. N ò ní sẹ́."

"Báwo ni ò ṣe mọ̀ pé àpò ti di pípa?"

"Kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo máa ń ki oògùn náà síbẹ̀ fún un kí n tó wọ̀ ọ́ láṣọ, kẹ́nikẹ́ni má baà rí i lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ wá mọ̀ pé ó ní àìsàn náà."

"Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ aṣọ yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tíyẹn kó lọ sí Ìbàdàn, tí ọmọ mi sì ti kú, wọ́n gbé e fún mi. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo bá a. Mo bi í. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tóun ti ń lò ó, kí n bá òun bo àṣírí." Ìyá náà gbójú sókè. "Ìnsípẹ́kítọ̀, oògùn yẹn wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ tọ́mọ mi ń yí nílẹ̀. Ó dúró lé e lórí. Ó mọ ohun tó ń ṣe é, torí ó ń ṣe òun náà. Mo bá a bo àṣírí. Mo rán an mọ́ ọn lápò."

"Ẹ ò bẹ̀rù pé ẹnìkan lè dìde?"

"Àwọn wọ̀nyí?" Ó fi ẹnu tọ́ka sí ìjọ. "Mo ti rí wọn rí. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, 'Ìyá Bùkúnmi, ẹ gbà mí.' Ó mọ̀ pé èmi ni. Mo fẹ́ kó mọ̀. Mo wò ó lójú, mo fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dá a lóhùn, wọ́n sì gbè mí. Ṣebí òun náà ló máa ń wàásù pé ìkà ò ní fi oníkà sílẹ̀. Kò dùn mí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bushrah yíjú sí ìjọ. "Mo fẹ́ ẹlẹ́rìí. Ta ló máa bá mi dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Jóbèlè?"

Kálukú ń wo ojú ẹnìkejì. Kò sẹ́ni tó mira. Kò ya Bushrah lẹ́nu. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, kì í ṣe ti ẹnìkankan.

"Alàgbà Ọláolúwa, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ dìde. Adéwálé, ìwọ náà dìde."

Àwọn méjèèjì dìde lójú ẹsẹ̀.

Bushrah rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rí i, Ìyá. Ẹni tó bá ké sí gbogbo èèyàn, kò ké sí ẹnìkan. Ká ní ọmọ yín dárúkọ ẹyọ ẹnìkan lọ́jọ́ náà, onítọ̀hún ì bá dìde."

Ìgbà yẹn ni omijé kọ́kọ́ bọ́ lójú Ìyá Bùkúnmi.

"Ó pe ẹnìkan," ló wí. "Màámi ló ń pè. Títí ohùn fi tán lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, Màámi ló ń pè. Wòlíì ní kí n jókòó. Gbogbo ìjọ jókòó. Èmi náà jókòó."

Bushrah sún mọ́ ọn. Ó mú un lápá, wọ́n jọ gba orí iyanrìn náà kọjá, ó sì bá a wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.