Ìbọn Ìṣeré Tí Rowan Kùn Ní Dúdú

Bethan ti pinnu pé fíìmù tòun ni yóò ta gbogbo ti kíláàsì yọ. Iṣẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Lomax, olùkọ́ wọn, gbé fún wọn kò gùn: kí wọ́n ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù agbọ́kànsókè, irú èyí tí àyà ẹni á ti máa já kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ kọ́ wọn ní ọgbọ́n rẹ̀: ẹ má fojú ọ̀daràn hàn, ẹ lo òjìji, ẹ fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn. Ó tún ní kí wọ́n sọ fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà jáde. Èyí tó dùn mọ́ Bethan ló mú nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Bá a bá sọ fún wọn, wọ́n á kàn wá máa rẹ́rìn-ín ni," ó sọ fún Rowan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ kó ipa ọ̀daràn nínú fíìmù náà. "Ta ni ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín á wá dẹ́rù bà?"

Rowan náà gbà. Ó mú ìbọn ìṣeré àbúrò rẹ̀, oníke aláwọ̀ ọsàn, ó sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìnkùlé àwọn ilé kan ní ìlú Keighley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bethan fi kámẹ́rà pamọ́ sáàárín àwọn ike ìdalẹ̀nù, kó lè dà bí ẹni pé amí kan ló ń wò wọ́n. Priya, ọmọ kíláàsì wọn, ń lọ níwájú. Rowan dé fìlà aṣọ òtútù rẹ̀ bojú, ó tẹ̀ lé e, ó na ìbọn sí i lẹ́yìn.

Bethan gbàgbé pé ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé kò ní rí kámẹ́rà. Ìyáàfin Ackroyd, arúgbó opó, ló sì yọjú. Ó ká aṣọ fèrèsé, ó rí ọkùnrin tó na ìbọn sí ọmọbìnrin, ó sáré pe ọlọ́pàá.

Wọ́n ń tún ìran náà yà lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dí ọ̀nà. Àwọn tó bọ́ sílẹ̀ gbé ìbọn gidi dání.

"Ju ìbọn sílẹ̀! Dojú bolẹ̀!"

Rowan kò mira. Bethan fẹ́ ké pé fíìmù ni, ó tún yára fọwọ́ bo ẹnu. Bí Rowan bá yíjú pẹ́nrẹ́n sí ohùn mi, wọ́n á yìnbọn fún un, èmi ni mo sì pa á: ohun tó ń rò nìyẹn.

Ìbọn náà já bọ́ lọ́wọ́ Rowan, ó là sí méjì lórí òkúta, àwọ̀ ọsàn yọ nínú rẹ̀. Sájẹ́ńtì obìnrin tó ṣíwájú wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó sọ ẹnu ìbọn tirẹ̀ kalẹ̀. Bethan bú sẹ́kún ayọ̀. Orí ló kó Rowan yọ.

"Mo kàn fẹ́ kó jọ ti gidi ni, mà," Rowan sọ fún sájẹ́ńtì.

"Ó kúkú jọ ọ́. Òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́."

Ìyáàfin Ackroyd jáde tòun ti sálúbàtà. "Mo rò pé wọ́n fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn ilé mi. Ẹ wọlé wá mu tíì, ẹ̀yin aláìnírònú wọ̀nyí."

Nídìí tíì ni Sájẹ́ńtì ti là á yé wọn pé ká pa àwọ̀ ìbọn ìṣeré dà lè di ẹjọ́, àti pé ìpè kan ṣoṣo sí àgọ́ ọlọ́pàá ṣáájú ni ì bá gbà wọ́n.

Wọ́n tún fíìmù náà yà, wọn ò lo ìbọn rárá. Nínú rẹ̀, ọwọ́ arúgbó kan ká aṣọ fèrèsé. Ó ranjú mọ́ ìta. Ó gbé tẹlifóònù, ó ní: "Ẹ tètè máa bọ̀." Fíìmù parí síbẹ̀. Ìyáàfin Ackroyd ló ṣe arúgbó náà, kò kúkú ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Gbogbo kíláàsì wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Lomax bi Bethan pé kí ni arúgbó náà rí gan-an. Bethan wo Rowan tó ń jẹ ìpékeré ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìbéèrè tí ẹ ní ká fi sílẹ̀ láìdáhùn nìyẹn, sà."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ya fíìmù, ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ọlọ́pàá tí kì í ṣe ti pàjáwìrì, ẹ sọ ibi tí ẹ ó ti yà á àti ìgbà tí ẹ ó yà á. Ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò, ẹ lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ògiri, ẹ mú àgbàlagbà kan dání, kí kámẹ́rà yín sì hàn sí gbogbo ojú. Ẹ má kun ohun ìṣeré kó lè jọ ti gidi. Inú fíìmù ni kí ẹ ti dẹ́rù bani, kì í ṣe lójú fèrèsé aládùúgbò.